Ṣé Jákẹ́ẹ̀tì Yìí Á Gbà Yín Lọ́wọ́ Òtútù Orí Òkè?

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa láti Èkó àti Ìbàdàn, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ òní lè má kàn yín tààrà, àfi tí físà bá ti jáde. Tó bá ti jáde, ẹ jókòó, ẹ gbọ́.

Láti ìgbà tí oṣù kẹwàá ti wọlé ni àtẹ̀jíṣẹ́ ti ń rọ́ wọlé sórí WhatsApp wa, ìbéèrè kan náà ló sì pọ̀ jù níbẹ̀: jákẹ́ẹ̀tì wo ni kí èèyàn rà tó bá fẹ́ bá àwọn ará ibiṣẹ́ ẹ̀ lọ gun òkè, tàbí tó fẹ́ sun inú àgọ́ mọ́jú nínú òtútù? Ọ̀kan nínú àwọn tó kọ̀wé jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Glasgow. Òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ lọ sí àwọn òkè Cairngorms ní Scotland níparí oṣù kọkànlá. Wọ́n á rìn lọ́sàn-án, wọ́n á sun inú àgọ́ lóru ọjọ́ kan. £150 ló ní lọ́wọ́. Ó fi líǹkì jákẹ́ẹ̀tì kan ránṣẹ́, ó ní: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó. Wọ́n kọ down sí i lára, wọ́n kọ 650, wọ́n kọ 90/10, wọ́n kọ 10D, wọ́n tún kọ RDS. Àfi bíi nọ́ńbà Baba Ìjẹ̀bú."

Mo rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rín. Òtútù orí òkè Scotland máa ń pa èèyàn, kò sì dìgbà tí yìnyín bá bo gbogbo ilẹ̀. Ẹni tí aṣọ ẹ̀ ti rin, tí atẹ́gùn sì ń fẹ́ lù ú, lè máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀ nígbà tí ojú ọjọ́ ṣì wà ní 5 °C. Tó bá yá, ọwọ́ ẹ̀ ò ní lè fa sípù mọ́. Ọ̀rọ̀ á máa dàrú mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà yẹn, òun fúnra ẹ̀ lè má mọ̀ pé nǹkan ti ń bà jẹ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1971, àwọn ọmọ iléèwé kan láti Edinburgh kó sínú ìjì yìnyín lórí Cairngorms yìí kan náà, èèyàn mẹ́fà ló kú. Oṣù tí àbúrò wa fẹ́ lọ yẹn gan-an ni. Mi ò sọ ọ́ láti fi dẹ́rù bà á o, mo fẹ́ kó lọ. Ibẹ̀ rẹwà. Mo kàn fẹ́ kó mọ ohun tó ń rà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó wà nínú jákẹ́ẹ̀tì náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní down kì í ṣe ìyẹ́ gbọọrọ tí ẹ máa ń rí lápá adìẹ. Ìyẹ́ wínníwínní tó wà lábẹ́ ìyẹ́ ńlá ni, láyà pẹ́pẹ́yẹ tàbí gúùsì, ìyẹn ẹyẹ tó jọ pẹ́pẹ́yẹ àmọ́ tó tóbi jù ú lọ, tí ọrùn ẹ̀ sì gùn. Ó rí bí òwú àràbà tí àwọn ìyá àgbà máa ń kì sínú ìrọ̀rí. Ẹ fún un mọ́wọ́, kò ju ẹ̀kúnwọ́ lọ. Ẹ tú ọwọ́ sílẹ̀, ó tún wú padà.

Ìyẹ́ yẹn ò mú ooru kankan wá. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́ nìyẹn. Ara yín ló ń mú ooru wá. Afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ ni kì í jẹ́ kí ooru náà sá lọ. Bí ìyẹ́ bá wú dáadáa, afẹ́fẹ́ pọ̀ níbẹ̀, ara á sì móoru. Bó bá pẹlẹbẹ, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lásán lẹ wọ̀, ì báà jẹ́ £300 lẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Lọ́dún 1922, nígbà tí àwọn ará Britain lọ gbìyànjú àtigun Everest, ọkùnrin kan wà láàárín wọn tó ń jẹ́ George Finch, onímọ̀ kẹ́mísírì tí wọ́n bí ní Australia. Aṣọ tí wọ́n fi ń ṣe bàlúùnù tó ń gbé èèyàn fò ló fi rán kóòtù ẹ̀, ó wá ní kí wọ́n kì ìyẹ́ ẹyẹ eider sínú ẹ̀. Àwọn yòókù wọ tweed àti súwẹ́tà onírun àgùntàn, wọ́n sì fi kóòtù ẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tí òtútù dé, ẹ̀rín parí, wọ́n ń jowú ẹ̀. Lọ́dún 1936, Eddie Bauer ní ìlú Seattle, l'Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ tiẹ̀ lẹ́yìn tí òtútù ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á níbi tó ti lọ pẹja. Irú ẹ̀ náà lẹ ń rí nínú bọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ ojú irin lónìí.

Àmọ́ o, Everest gbẹ. Òtútù ibẹ̀ ti sọ omi di yìnyín. Ìlú Ọba ò gbẹ rárá.

Ẹ rántí ọyẹ́ nílé. Á mú ètè bẹ́, á mú ẹsẹ̀ funfun bí ẹni tó ti inú eérú bọ̀, aṣọ tí ẹ sá láàárọ̀ á ti gbẹ kí ẹ tó jẹun tán. Òtútù tó gbẹ nìyẹn, irú ẹ̀ sì ni jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ fẹ́ràn. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Calgary ní Canada, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ, òtútù yín le, àmọ́ ó gbẹ. Ti Scotland, Wales àti Lake District, omi wà nínú ẹ̀. Òjò wẹliwẹli ni, ìkùukùu ni, yìnyín tó ń yọ́ lórí èjìká ni. Bí omi bá sì wọnú ìyẹ́, á dì gbùngbùn bí òwú tí wọ́n rì bọ omi, kò ní wú mọ́, afẹ́fẹ́ á jáde níbẹ̀. Ní orí òkè, kò síbi tí ẹ ti fẹ́ rí oòrùn sá a sí.

Òógùn náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣọ́ra fún òjò, wọ́n á gbàgbé pé omi tún wà nínú ara wọn. Ẹ wọ jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́, ẹ gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ̀yìn yín ti tutù. Òógùn ti wọnú ìyẹ́, báàgì sì ti tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ. Nígbà tí ẹ bá dúró láti jẹun, òtútù tí á mú yín á ju ti ẹni tó wọ súwẹ́tà lásán lọ.

Nítorí náà, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí sọ́kàn bí ẹ ò bá tiẹ̀ rántí ìyókù: jákẹ́ẹ̀tì oníyẹ̀ẹ́ kì í ṣe aṣọ ìrìn. Aṣọ ìdúró ni. Inú báàgì ló ń gbé, nínú ọ̀rá tí omi ò lè wọ̀. Tí ẹ bá ń rìn, ẹ wọ singlet tó ń tètè gbẹ (kì í ṣe ti òwú), ẹ wọ fleece lé e, ẹ ní jákẹ́ẹ̀tì òjò nítòsí. Ó yẹ kí òtútù máa mú yín díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra. Gbàrà tí ẹ bá dúró, kí ẹ tó gbé fóònù jáde láti ya fọ́tò, jákẹ́ẹ̀tì ti gbọ́dọ̀ wà lára yín. Ooru tó ti sá lọ, jákẹ́ẹ̀tì ò lè lọ mú un padà wá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká ka nọ́ńbà.

650 yẹn ni wọ́n ń pè ní fill power. Wọ́n á wọn ìyẹ́ tó tó áúǹsì kan, ìyẹn bíi gíráàmù 28, wọ́n á dà á sínú ohun kan tó rí bíi páìpù, wọ́n á gbé nǹkan fúyẹ́ lé e, wọ́n á wá wo bí àyè tó gbà ṣe pọ̀ tó ní ínǹṣì kúbíìkì. Bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni ìyẹ́ náà ṣe ń wú tó. 550 sí 650 jẹ́ ti gbogbo gbòò, 700 sí 750 dára, 800 sókè gbówó lórí. Ẹ fi sọ́kàn pé ìyẹ́ kan náà sábà máa ń gba nọ́ńbà tó ga díẹ̀ tí wọ́n bá fi ìlànà Amẹ́ríkà wọ̀n ọ́n ju ti Yúróòpù lọ.

Fill power nìkan kò sọ bí jákẹ́ẹ̀tì ṣe móoru tó. Ìbí yìí gan-an ni àwọn tó ń tajà ti máa ń mú wa. Wọ́n á kọ 800 gàdàgbà síwájú, wọn ò ní kọ iye gíráàmù ìyẹ́ tí wọ́n kì sínú ẹ̀, tàbí kí wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí ìsàlẹ̀ níbi tí àtàǹpàkò yín ò ní yí dé. Bí ẹni tó ń ta ìrẹsì bá sọ fún yín pé ìrẹsì òun máa ń wú gan-an, ṣé ẹ ò ní bi í pé kóńgò mélòó ló fẹ́ wọ̀n fún yín?

Ẹ gbé ẹ̀rọ ìṣirò orí fóònù yín jáde. Ẹ fi fill power sọdipúpọ̀ iye gíráàmù ìyẹ́. Jákẹ́ẹ̀tì tó ní gíráàmù 100 ìyẹ́ 800: 80,000. Jákẹ́ẹ̀tì tó ní gíráàmù 150 ìyẹ́ 600: 90,000. Èyí tí wọ́n sọ pé kò fi bẹ́ẹ̀ dára ló máa wú jù! Ohun tí owó 800 ra fún yín ni pé gíráàmù 50 ti kúrò nínú ẹrù, á sì ká kéré sínú báàgì. Ẹni tó ń rin ọ̀sẹ̀ kan gbáko á fẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ń lọ sun oru ọjọ́ kan lè má nílò ẹ̀. Ìṣirò yìí ò pé tán o, nítorí bí wọ́n ṣe rán an àti bó ṣe bá ara yín mu náà wà níbẹ̀, àmọ́ ó máa là yín lójú tí ẹ bá ń fi jákẹ́ẹ̀tì méjì wéra.

Mo ṣe é fún ti àbúrò wa. Mo yí ojú ìwé náà dé ìsàlẹ̀ pátápátá kí n tó rí i: gíráàmù 80. Tí ẹ bá fi 650 sọ ọ́ di púpọ̀, 52,000 ni. Jákẹ́ẹ̀tì ìgboro dáadáa ni, ó dára fún ìdúró de bọ́ọ̀sì. Òru oṣù kọkànlá ní Cairngorms? Rárá.

90/10 túmọ̀ sí pé nínú ọgọ́rùn-ún, 90 jẹ́ ìyẹ́ wínníwínní, 10 jẹ́ ìyẹ́ lásán. Ó dára. 10D sì jẹ́ bí òwú aṣọ òde ṣe tín-ín-rín tó. Ẹ gbọ́ èyí: tí ẹ bá fa òwú 10D gùn tó mítà 9,000, gíráàmù 10 péré ló máa wọ̀n. Ẹ̀ka igi kan ti tó láti fà á ya. 20D wúwo díẹ̀ sí i, ó sì lágbára jù ú lọ. Ẹni tó ń gba inú igbó tàbí tó ń gun àpáta, 20D ni kó mú. RDS ò kan ooru rárá. Ìlànà kan tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2014 ni, wọ́n fi ń tọ ipasẹ̀ ìyẹ́ padà sí oko tó ti wá, kó lè dájú pé wọn ò tu ìyẹ́ lára ẹyẹ nígbà tó wà láàyè, wọn ò sì fipá kì oúnjẹ sí i lọ́fun. Èmi máa ń wò ó kí n tó rà.

Fún ohun tí wọn kì í kọ nọ́ńbà sí, ẹ wo ojú rírán. Ọ̀pọ̀ jákẹ́ẹ̀tì fúyẹ́ ni wọ́n máa ń rán láti òde kan inú, ìlà ìlà. Kò sí ìyẹ́ kankan lójú ìlà yẹn, òtútù á sì máa gba ibẹ̀ wọlé. Fún jákẹ́ẹ̀tì ìdúró, kò burú, tí jákẹ́ẹ̀tì òjò bá lè gorí ẹ̀. Fìlà tó so mọ́ ọrùn ẹ̀ ṣe pàtàkì fún àgọ́, ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gẹ irun tàbí tí ẹ di dídì, ẹ mọ bí atẹ́gùn ṣe ń wọ awọ orí. Kí jákẹ́ẹ̀tì náà gbòòrò tó láti gorí fleece. Èyí tó bá fún mọ́ra á tẹ ìyẹ́ náà pa.

"Wọ́n kọ ọ́ pé omi ò lè ràn án." Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń fi oògùn kan sí ìyẹ́ tàbí sí aṣọ òde ẹ̀. Á jẹ́ kó pẹ́ díẹ̀ kó tó rin. Kò sọ ọ́ di aṣọ òjò.

Kí wá ni kí àbúrò wa ṣe? Mo bi í pé kí ló ti ní tẹ́lẹ̀. Ó ní hoodie, jíǹsì àti agbòjò. Agbòjò lórí Cairngorms, atẹ́gùn á gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ kó tó ṣí i tán. Ọ̀rọ̀ náà kúrò lórí ìyẹ́ nìyẹn. Jákẹ́ẹ̀tì òjò gidi ni kó kọ́kọ́ rà, pẹ̀lú ṣòkòtò òjò, lẹ́yìn náà fleece, kó sì fi jíǹsì sílẹ̀ nílé, nítorí jíǹsì tó bá rin kì í gbẹ. Ohun tó bá ṣẹ́ kù nínú £150 yẹn, kó fi ra jákẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kì òwú àtọwọ́dá sí, irú bíi PrimaLoft, tí wọ́n ṣe láwọn ọdún 1980 fún àwọn ológun Amẹ́ríkà tí wọ́n ń wá ohun tó lè rọ́pò ìyẹ́. Ó wúwo ju ìyẹ́ lọ, kì í ká kéré bíi tiẹ̀, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, wíwú ẹ̀ á máa dín kù. Ṣùgbọ́n tó bá rin díẹ̀, á ṣì máa gbé ooru dúró. Ẹni tó ń gbé ní Ìlú Ọba, tí kò tíì mọ òkè dáadáa, tó sì jẹ́ ẹyọ kan péré lowó ẹ̀ ká, èyí ni mo máa ń ní kó mú. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò ní gbà. Àwọn tó ti ń gun òkè tipẹ́ máa ń fi ìyẹ́ búra, wọ́n sì rí i sọ, nítorí ní òru tó gbẹ, tí ilẹ̀ ti dì, kò sóhun tó fúyẹ́ tó o tó tún móoru tó o. Wọ́n ti mọ bí wọ́n ṣe ń pa á mọ́ kúrò lọ́wọ́ omi ni.

Kó tún ṣírò gíga. Bí a bá gòkè mítà 1,000, ojú ọjọ́ á tutù sí i ní nǹkan bíi 6.5 °C. Orí òkè Cairn Gorm fi bíi mítà 1,000 ga ju Aviemore tó wà nísàlẹ̀ lọ. Tí fóònù yín bá wá ní Aviemore jẹ́ 4 °C, lókè ó lè ti kọjá sísàlẹ̀ òdo, a ò sì tíì ka atẹ́gùn mọ́ ọn. Ẹ má wo ojú ọjọ́ ìlú, ẹ wo ti orí òkè. Met Office máa ń gbé e jáde lọ́tọ̀. Ní Braemar, tó wà lágbègbè yẹn kan náà, ó ti tutù dé −27.2 °C rí, lọ́dún 1895 àti lọ́dún 1982.

Fún òru inú àgọ́, ilẹ̀ ni ọ̀tá. Ìyẹ́ tí ẹ bá fi ẹ̀yìn dùbúlẹ̀ lé ti pẹlẹbẹ nìyẹn, ilẹ̀ á máa fa ooru ara yín mu. Ẹní onífóòmù tó nípọn á ràn yín lọ́wọ́ ju jákẹ́ẹ̀tì kejì lọ. Ẹ má mí sínú àpò ìsùn, èémí yín omi ni. Láàárọ̀, ẹ má jẹ́ kí jákẹ́ẹ̀tì kan ara àgọ́ nínú, nítorí omi á ti sẹ̀ síbẹ̀.

Àpò inú jákẹ́ẹ̀tì yẹn, fóònù ló ni ín. Òtútù máa ń jẹ́ kí bátìrì tó wà ní 40 kú lójijì, àwòrán ọ̀nà yín á sì bá a lọ. Ẹ gbé e sún mọ́ ara. Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ fi ọ̀rọ̀ náà "register" ránṣẹ́ sí 999 bí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán, kí ẹ tẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ lè fi àtẹ̀jíṣẹ́ pe ìrànlọ́wọ́ níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò ti lè gbé ìpè. Tí ìpè bá lọ, ẹ ní kí wọ́n fún yín ní Police, lẹ́yìn náà Mountain Rescue. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ṣe é, wọn ò sì ní bi yín léèrè físà kí wọ́n tó gùnkè wá.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra tókùnbọ̀, mo wà pẹ̀lú yín. Lórí Vinted àti eBay, àti nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù charity, jákẹ́ẹ̀tì gidi wà níbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ń tà á ní iye gíráàmù ìyẹ́, tàbí kí ẹ fi orúkọ jákẹ́ẹ̀tì náà wá a lórí Google. Tó bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ gbé e síwájú iná: ibi tí iná bá ti tàn kọjá gbòòrò, ìyẹ́ ti ṣí kúrò níbẹ̀. Ẹ fún un mọ́wọ́ kí ẹ tú u sílẹ̀. Tí kò bá wú padà, tó sì ń rùn bí ajá tí òjò pa, ó lè jẹ́ pé ó dọ̀tí ni. Ẹ dúnàá dúrà, kí ẹ lọ fọ̀ ọ́.

Fún fífọ̀, ẹ má fi ọṣẹ ìfọṣọ lásán tàbí èyí tó ń mú aṣọ rọ̀ fọ̀ ọ́. Ọṣẹ ti ìyẹ́ wà, Nikwax àti Grangers ń ṣe é. Ẹ fi ẹ̀rọ fọ̀ ọ́ jẹ́jẹ́, ẹ ṣan án dáadáa, kí ẹ wá kó o sínú ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ pẹ̀lú ooru díẹ̀ àti bọ́ọ̀lù tẹníìsì méjì tàbí mẹ́ta tó máa nà án kó má bàa dì. Ó máa pẹ́, ó lè gbà tó wákàtí mẹ́ta. Tí ẹ bá ṣì rí i tó dì gbùngbùn níbì kan, kò tíì gbẹ. Ẹ fi kọ́ sínú wọ́dúróòbù, ẹ má kì í mọ́nú àpò kékeré tó bá a wá látìgbà dégbà.

Ohun kan tún kù. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń gbé èédú àti ata yájì lọ sí ibi àgọ́, mo mọ̀ yín. Kí suya tó bẹ̀rẹ̀, ẹ bọ́ jákẹ́ẹ̀tì yẹn tàbí kí ẹ jìnnà síná. Ẹ̀ta iná kan ṣoṣo ti tó láti lu 10D, ìyẹ́ á sì máa tú jáde bí ẹni tó ń tu adìẹ ọdún. Tó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ má fi abẹ́rẹ́ rán an, ojú abẹ́rẹ́ á tún di ihò. Ẹ gé téèpù aṣọ tí wọ́n ń tà níbi tí wọ́n ti ń ta àgọ́, ẹ gé igun ẹ̀ yíká kó má bàa ṣí, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn.

Àbúrò wa ti ní òun á fi fọ́tò ránṣẹ́ tí wọ́n bá dé. Ẹ̀yin náà, ẹ fi líǹkì tiyín ránṣẹ́, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ ti yí dé ìsàlẹ̀ lọ wo gíráàmù kí ẹ tó bi mí. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.